Orogún Inú Ilé Dígí

Nínú ọgbà ewéko kan tí ìlú ńlá ti kọ́lé yí ká, igi kan wà tí gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń pè ní Orogún. Bí àlejò bá gbọ́ orúkọ náà, á rẹ́rìn-ín, á sì béèrè pé orogún ta ni. Ìdáhùn rẹ̀ gùn díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ sọ ọ́, nítorí ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ọgbà náà dàgbà ju gbogbo ilé tó yí i ká lọ. Àwọn oníṣègùn ló kọ́kọ́ dá a sílẹ̀ nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ ẹ̀yìn odi ìlú. Wọ́n ń gbin ewé oògùn ní ebè-ebè kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn lè mọ ewé tó ń woni sàn yàtọ̀ sí èyí tó ń pani. Ebè wọ̀nyẹn ṣì wà lẹ́bàá ẹnubodè títí dòní. Lẹ́yìn wọn ni àwọn awakọ̀ ojú omi bẹ̀rẹ̀ sí í kó irúgbìn bọ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè, òmíràn nínú àpótí, òmíràn nínú ìbọ̀sẹ̀. Ọgbà gba gbogbo wọn bí ìyá àgbà ṣe ń gba ọmọ-ọmọ: kò bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe dé, àyè tí wọn yóò sùn sí ló ń wá. Nígbà tí ogun dé, wọ́n hú òdòdó, wọ́n gbin ọ̀dùnkún sójú ibẹ̀ kí ará ìlú lè rí nǹkan jẹ. Nígbà tí ogun lọ, òdòdó padà, ṣùgbọ́n ọ̀dùnkún kò gbà láti lọ tán. Ọdọọdún ló ń yọjú láàárín òdòdó, bí àna tó wá kí ni tó gbàgbé ọ̀nà ilé.

Ilé dígí mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ti àkọ́kọ́, ilé ọ̀rinrin, gbóná, ó sì rin bí balùwẹ̀ tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbẹ̀. Èkejì jẹ́ ti àwọn ewéko orí òkè tí ara wọn kò gba ooru. Ẹ̀kẹta, tó wà ní ìpẹ̀kun ọgbà, ni ilé gbígbẹ, níbi tí àwọn ọmọ aginjù ń gbé. Ibẹ̀ ni Orogún wà. Ìdí rẹ̀ dà bí àgbá tí wọ́n gbé kalẹ̀, awọ rẹ̀ rí bí eérú, ẹ̀ka díẹ̀ ló sì yọ lórí rẹ̀ bí irun àgbàlagbà tí orí rẹ̀ ń pá. Ní àsìkò kan nínú ọdún, á wewé. Bí àsìkò náà bá kọjá, á gbọn gbogbo ewé dànù, á sì sùn, kì í sì í fẹ́ omi títí yóò fi jí. Àwọn tó mọ̀ sọ pé kò sí ọgbà mìíràn tó ní irú rẹ̀, àti pé níbi tí wọ́n ti mú un wá, àwọn awakùsà ti gbẹ́ ilẹ̀ náà dórí kodò.

Bàbá Oníkòkò ló sọ igi yìí di ìyàwó láìmọ̀. Òun ni olùtọ́jú ilé gbígbẹ láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀ ni pé, láyé ìgbà tí gbogbo ewéko ń gbé inú ìkòkò amọ̀, kì í bomi rin ohunkóhun láìkọ́kọ́ fi igi kékeré kan ìkòkò náà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ìkòkò bá dáhùn pé “kóó,” tí ohùn rẹ̀ mọ́ bí agogo, erùpẹ̀ inú rẹ̀ ti gbẹ, omi ló ń fẹ́. Bí ó bá dáhùn pé “pù,” bí ẹni tí òkèlè kún ẹnu rẹ̀, omi ṣì wà níbẹ̀, kí o máa bá tìrẹ lọ. Òwúrọ̀ kò ní tíì mọ́ tán tí ẹni tó ń kọjá lẹ́yìn dígí yóò ti máa gbọ́ ọ: kóó, kóó, pù, kóó.

Ní ọdún kan, yìnyín bọ́ láti ojú ọ̀run, ó fọ́ òrùlé ilé gbígbẹ túútúú, òtútù sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ pín ewéko láàárín ara wọn, kálukú gbé tirẹ̀ lọ sílé. Bàbá Oníkòkò gbé eléyìí sínú bárò, ó tì í la àárín títì kọjá, ó sì gbé e wọ yàrá tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń sùn, nítorí pé yàrá yẹn ló móoru jù nínú ilé. Ìyàwó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ọkọ, ó wo igi, ó ní òun ti ń gbọ́ ọ pé ọkùnrin máa ń mú obìnrin mìíràn wọlé, ṣùgbọ́n òun kò rí èyí tí ikùn rẹ̀ ti yọ tó báyìí rí. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè é ní Orogún. Wọ́n ní “Òrìṣà jẹ́ ká pé méjì” obìnrin kò dénú, síbẹ̀ obìnrin yìí gba orogún tirẹ̀ tọwọ́-tẹsẹ̀. Ó ń fi aṣọ nu eruku ara rẹ̀. Bí ọkọ wọn bá pẹ́ níbi iṣẹ́, ó ń rojọ́ ọkọ fún un. Títí wọ́n fi tún òrùlé ṣe tán, inú yàrá yẹn ni Orogún gbé, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí tọkọtaya náà bí sì kọ́ bí a ti ń dìde dúró nípa dídi ikùn igi náà mú.

Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ọmọbìnrin náà dàgbà, ó kọ́ iṣẹ́ ewéko, òun ló sì gba ilé gbígbẹ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é ní Àǹtí Gbígbẹ, nítorí ilé tó ń tọ́jú, àti nítorí pé bó bá ń ṣẹ̀fẹ̀, ojú rẹ̀ kì í yí padà. Ìyá rẹ̀ kú ní ọdún tó ṣáájú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí. Lórí ibùsùn àìsàn, ó ṣì ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé orogún òun ló máa jogún ọkọ òun, kí wọ́n ṣáà máa fún un lómi díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n má jẹ́ kó bínú lọ.

Ọdún náà ni àsìkò ewé dé tí Orogún kò wewé.

Kò kọ́kọ́ dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Igi tó bá ti sùn ní ẹ̀tọ́ láti pẹ́ jí. Àmọ́ gbogbo ará ilé gbígbẹ jí tán. Orọ́ ńlá ẹlẹ́gùn-ún tó wà nígun ilé yọ ìtànná, àwọn kéékèèké abẹ́ rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, Orogún nìkan ló dúró bí ẹni tí wọ́n gbàgbé sí ibùdókọ̀. Àǹtí Gbígbẹ fi àtàǹpàkò tẹ ìdí rẹ̀. Ibì kan rọ̀ bí èso tó ti pọ́n kọjá. Ó yọwọ́ kíá bí ẹni tó kan iná.

Ohun kan ṣoṣo ló ti yí padà lára igi náà. Ní ọdún tó kọjá, gbòǹgbò rẹ̀ ti fọ́ ìkòkò amọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá ọgbà, obìnrin tó kàwé tó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ dénú, wá irú rẹ̀ títí kò rí, nítorí àwọn amọ̀kòkò tó ń mọ ìkòkò tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ti kógbá sílé. Àgbá ike dúdú kan ni wọ́n rà. Àgbá náà le, ó fúyẹ́, kò sì lè fọ́. Kò sẹ́ni tó rí àléébù kankan nínú rẹ̀. Ohùn ni kò ní. Bí Àǹtí Gbígbẹ bá fi igi kàn án, ohun kan náà ló ń sọ, ìbáà gbẹ, ìbáà rin. Ó wá ń fi ojú wò ó dípò etí, ojú sì ń rí òkúta wẹ́wẹ́ orí erùpẹ̀ rẹ̀ tó gbẹ táútáú. Ó rò pé òun ti ya ahun jù sí i nígbà tó ń sùn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní ife omi kan láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó dé.

Òfin àtijọ́ kan wà nínú ọgbà náà pé ẹnì kan kì í bomi rin igi ẹlòmíì. A kò kọ ọ́ síbì kankan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rú u, ojú á tì í ju ẹni tó wọ ilé aya aláya lọ. Adágún, ọkùnrin tó ń tọ́jú ilé ọ̀rinrin àti adágún omi inú rẹ̀, fẹ́ràn láti máa sọ pé ẹni tó ń tọ́jú ewéko láìfún un lómi dà bí ẹni tó gbéyàwó tí kì í bá a sọ̀rọ̀. Àǹtí Gbígbẹ á ní ìyàwó tirẹ̀ ńkọ́, ṣebí ó ti rì sínú omi. Wọ́n ti ń bá ara wọn jà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ tí kò mọ̀ pé ọ̀rẹ́ ni wọ́n.

Ní ìrọ̀lẹ́, Àǹtí Gbígbẹ á yà kí bàbá rẹ̀ ní àdúgbò tó wà lẹ́yìn ògiri ọgbà. Orúnkún bàbá kò gbé e mọ́, láti ẹnu ọ̀nà sí orí àga ni ìrìn rẹ̀ mọ. Wọ́n á kí ara wọn, wọ́n á sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, bàbá á wá bi í pé Orogún ńkọ́. Ọmọ á ní ó wà, ó ń sinmi ni. Bàbá á mi orí, á ní ìsinmi dára, á sì yí ọ̀rọ̀ padà.

Kì í ṣe ìbínú Ọ̀gá ló ń ba ọmọ yìí lẹ́rù. Bàbá rẹ̀ ti sin ìyàwó kan. Kò mọ ẹnu tí òun yóò fi sọ fún un pé èkejì náà ti lọ, tó sì jẹ́ pé ọwọ́ òun ló kú sí.

Ọ̀rọ̀ wá le sí i. Àwọn oní-dígí fẹ́ wá pààrọ̀ òrùlé ilé gbígbẹ, ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ewéko gbọ́dọ̀ jáde. Ọ̀gá pe Àǹtí Gbígbẹ sí ọ́fíìsì, ó ní kó jókòó, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún un pé òun kò ní í jẹ́ kí wọ́n kó òkú igi jáde. Bí kò bá sí àmì ìyè kankan lára Orogún títí di ọjọ́ náà, wọn yóò là á, wọn yóò sì fi abala kan sí yàrá ìpàtẹ kí àwọn tó ń wá wo ọgbà lè máa rí i. Bó ti ń sọ ọ́, ó ń wo tábìlì. Àǹtí Gbígbẹ dúpẹ́, ó dìde, ó sì lọ dúró sáàárín àwọn ọmọ aginjù rẹ̀. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Kò rí nǹkan kan.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, kí wọ́n tó ṣí ẹnubodè, ó wọ ilé gbígbẹ pẹ̀lú ife omi rẹ̀. Bó ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dà á, ó gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnì kan. Ojú tì í. Olùtọ́jú ilé gbígbẹ, òun náà ló ń fi òwúrọ̀ kùtù bomi rin igi tó ní kò gbọdọ̀ mu. Ó sá sẹ́yìn orọ́ ńlá. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó, ṣùgbọ́n òkèèrè kò sí nínú ilé dígí. Ó fún ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀gún.

Adágún ló wọlé. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fa ìgò omi kan yọ lábẹ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó dà á sí ìdí Orogún. Ó ń kùn pé kó tètè mu ún kí ahun tó ni ín tó dé, obìnrin tó jẹ́ pé bí òjò bá rọ̀, á fẹ́ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Àǹtí Gbígbẹ ti gbẹ́sẹ̀ láti jáde sí i nígbà tí wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ mìíràn. Adágún sáré sẹ́yìn àpò iyanrìn tó wà létí ògiri.

Ìyá Oní-tíkẹ́ẹ̀tì ni, obìnrin tó ń jókòó lẹ́nu ìloro. Ife tíì tó ti tutù ló gbé dání. Ó dà á sí ìdí igi náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń fún ọmọ tuntun lóògùn, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú sí ti àná tí ṣúgà wà nínú rẹ̀. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí ó fi gbọ́ ìró ọ̀pá lórí òkúta ọ̀nà. Òun náà kò ro ó lẹ́ẹ̀mejì. Tòun ti ọjọ́ orí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì.

Ọ̀pá náà ń bọ̀ jẹ́jẹ́, ó ń dúró, ó ń tún bọ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló ṣí, ilẹ̀kùn kékeré tó dojú kọ àdúgbò, tó jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti sọnù láti ọdún pípẹ́. Kò sọnù. Ọwọ́ Bàbá Oníkòkò ló wà. Òun náà ló wọlé, ọkùnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè kọjá ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ó fi ọ̀pá sọ́wọ́ ọ̀tún, kẹ́tù kékeré sọ́wọ́ òsì, ó sì ń mí bí ẹni tó gun òkè. Ó da omi inú kẹ́tù sí ìdí Orogún. Ó wá fi orí ọ̀pá kan àgbá ike náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tẹ́tí, ó mi orí.

Ó bá igi náà sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, ṣùgbọ́n ilé dígí kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́.

“Má tíì lọ,” ló wí. “Ọmọ yẹn ń purọ́ fún mi pé ara rẹ le. Èmi náà ń purọ́ fún un pé mo gbà á gbọ́. Bí o bá lọ báyìí, ta ni nínú wa ló máa kọ́kọ́ sọ ọ́?”

Ife bọ́ lọ́wọ́ Àǹtí Gbígbẹ. Ó jáde láti ẹ̀yìn orọ́ pẹ̀lú ẹ̀gún méjì lápá.

“Bàbá.”

Bàbá kò ta gìrì. Ó wò ó láti òkè délẹ̀. “Ó ti pẹ́ tí o wà níbẹ̀?”

“Ó pẹ́ díẹ̀, sà.”

“O gbọ́ ọ nìyẹn.”

“Mo gbọ́ ọ, sà.”

Wọ́n dúró, wọn kò mọ ibi tí wọn yóò fi ojú sí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti àwọn wọ̀nyí kò tilẹ̀ rìn jìnnà. Bàbá ló kọ́kọ́ rí ibi tí yóò wò. Ó na ọ̀pá sí abẹ́ bẹ́ǹṣì.

“Ta nìyẹn?”

“Èmi ni, Bàbá,” ni Ìyá Oní-tíkẹ́ẹ̀tì dáhùn láti ilẹ̀. “Ẹ kú àárọ̀. Ẹsẹ̀ yín ńkọ́?”

Adágún wúkọ́ lẹ́yìn àpò iyanrìn, ó dìde tòun ti ìgò òfìfo rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún bàbá bí ẹni pé ibi ìkíni ni wọ́n ti bá a. Kí ẹnikẹ́ni tó wí nǹkan kan, ilẹ̀kùn iwájú ṣí. Ọ̀gá ni. Ìgò omi kan yọ orí nínú báàgì rẹ̀. Ó wo kẹ́tù, ó wo ife, ó wo ìgò Adágún, lẹ́yìn náà ló wá wo ti ara rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́ sórí bẹ́ǹṣì.

Kálukú sọ tirẹ̀. Adágún ti ń bọ̀ láti ìgbà tí ó ti rí i pé orọ́ yọ ìtànná tí Orogún kò ṣe nǹkan kan. Ìyá Oní-tíkẹ́ẹ̀tì ti ń bọ̀ láti ìgbà tí Adágún ti sọ fún un pé òùngbẹ ló ń pa igi náà. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tó sọ̀rọ̀ lílà fún Àǹtí Gbígbẹ, nítorí pé kò lè sùn lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá kò sọ ìgbà tirẹ̀. Ó ní ó pẹ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ̀ pé ẹlòmíì ń bọ̀, nítorí òfin tí wọ́n ń rú kò jẹ́ kí wọ́n lè sọ ọ́ síta. Orogún nìkan ló mọ iye ẹni tó ń bọ́ ọ, òun kò sì lẹ́nu.

“Ẹ jẹ́ ká gbé e jáde nínú àgbá,” ni Ọ̀gá wí. “Kíá.”

Wọ́n dá àgbá náà dùbúlẹ̀. Adágún fà á láti ìdí, Àǹtí Gbígbẹ di igi mú lọ́rùn. Nígbà tí erùpẹ̀ rẹ̀ yọ, omi ṣàn jáde, ó gba abẹ́ bẹ́ǹṣì kọjá, ó rin bàtà gbogbo wọn. Òórùn rẹ̀ dà bí ti omi ìkòkò òdòdó tí wọ́n gbàgbé sí pálọ̀. Ihò ìdí àgbá ti dí pa. Lókè, òkúta wẹ́wẹ́ gbẹ. Nísàlẹ̀, ẹrẹ̀ ni.

“Òùngbẹ kọ́,” ni Àǹtí Gbígbẹ wí. “Àwa ni.”

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ṣùgbọ́n wọn kò ní àyè ìdálẹ́bi. Ọ̀gá fi ọtí líle nu ọ̀bẹ kan, ó sì gbé e fún Àǹtí Gbígbẹ, nítorí òun ló ni igi. Bàbá jókòó lórí àpò iyanrìn, ó di ìdí igi náà mú láàárín orúnkún rẹ̀ méjèèjì. Ọmọ ń gé. Èyí tó kọ́kọ́ gé dúdú. Èyí tó tẹ̀ lé e pọ́n bí igi tó ti jẹrà. Ó tún gé. Ó ṣì pọ́n. Ìyá Oní-tíkẹ́ẹ̀tì yíjú sí ògiri, ó ní kí wọ́n sọ fún òun bó bá di funfun. Ọ̀bẹ tún wọlé, jìn díẹ̀ sí i, abala tó bọ́ sílẹ̀ sì funfun bí inú àgbọn, oje kan sì yọ láti ojú ibẹ̀, ó dúró bí ẹ̀kán omijé.

“Ó ti funfun, Ìyá,” ni Bàbá wí. Ó mí kanlẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gé gbogbo ibi tó ti bàjẹ́ dànù. Ohun tó kù kò pọ̀: ikùn igi náà, ẹ̀ka díẹ̀ orí rẹ̀, àti ìwọ̀nba gbòǹgbò tó dà bí irùngbọ̀n tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Wọ́n lọ èédú, wọ́n fi kun ojú ọgbẹ́. Ọ̀gá ní oògùn tó kù ni kí wọ́n má ṣe nǹkan kan sí i mọ́, kó wà níbi tó gbẹ tó sì móoru títí igi náà fúnra rẹ̀ yóò fi pinnu bóyá yóò yè. Àmọ́ níbo? Ilé gbígbẹ kò ní ní òrùlé láti ọjọ́ Ajé. Ilé ọ̀rinrin ń kán omi láti òkè, ti àwọn ewéko orí òkè sì tutù jù. Wọ́n ń wo ara wọn. Bàbá Oníkòkò fi ọ̀pá kanlẹ̀.

“Ó mọ ọ̀nà ilé mi,” ló wí.

Ọ̀gá rò ó. Ó bi í bóyá yóò lè ṣe é kó má fún un ní ẹ̀kán omi kan. Bàbá ní kó gba kẹ́tù lọ́wọ́ òun. Ó gbà á.

Adágún ló ti bárò. Ìyá Oní-tíkẹ́ẹ̀tì fi agbòòrùn ṣíji bo igi náà, ó ń sọ fún àwọn tó ń wò wọ́n lójú títì pé aláìsàn ni. Wọ́n gbé e wọ yàrá, wọ́n sì gbé e lé orí àga tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn tí ìyá máa ń sùn sí. Àǹtí Gbígbẹ dúró ní ẹnu ọ̀nà, níbi tí ìyá rẹ̀ dúró sí lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún.

Ìgbà tó tẹ̀ lé e le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ máa ń rí ohun tó ń fọwọ́ mú. Ẹni tó ń dúró, ọkàn rẹ̀ ló ń fọwọ́ mú. Ìrọ̀lẹ́ dé, Àǹtí Gbígbẹ yà sílé gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló wá ń béèrè báyìí.

“Orogún ńkọ́, Bàbá?”

“N kò mọ̀,” ni bàbá á wí.

Inú ọmọ á sì fúyẹ́ díẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọn kò ti bá ara wọn sọ òótọ́ nínú ilé náà. Látàrí “n kò mọ̀” yẹn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àwọn nǹkan mìíràn tí wọn kò mọ̀: bí a ti í sùn ní ẹ̀gbẹ́ kan ibùsùn, ibi tí ìyá ń kó abẹ́rẹ́ ìránṣọ sí, ìdí tó fi jẹ́ pé olúkúlùkù wọn rò pé ó yẹ kí òun fi ẹkún pamọ́ fún ìkejì.

Àwọn ará ọgbà ń wá kí aláìsàn. Bí Adágún bá dé, Bàbá á ní kó na ọwọ́ méjèèjì sókè, á fọwọ́ tẹ àpò rẹ̀ wò bóyá ìgò wà níbẹ̀. Adágún á ní ẹnu òun nìkan ni omi wà. Bàbá á ní kó gbé e mì kó tó wọlé. Ìyá Oní-tíkẹ́ẹ̀tì á fi tíì tirẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì ìloro, á mu ún nígbà tó bá ń jáde. Ọ̀gá wá lẹ́ẹ̀kan, ó rọra tẹ ìdí igi náà, nígbà tó sì fi di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti rí amọ̀kòkò àgbàlagbà kan tó gbà láti tún iná ìléru rẹ̀ dá nítorí ìkòkò kan ṣoṣo. Nígbà tí ìkòkò dé, Bàbá ní kí wọ́n gbé e wá sílé kí òun gbọ́ ọ. Ó kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kóó. Ó ní kí wọ́n gbé e padà, kó lọ dúró de ẹni tó ni ín.

Àwọn oní-dígí parí iṣẹ́ wọn, wọ́n kó àkàbà wọn lọ. Àwọn ọmọ aginjù padà sábẹ́ òrùlé tuntun. Àǹtí Gbígbẹ tò wọ́n, ó sì fi àyè kan sílẹ̀ láàárín. Àwọn tó wá wo ọgbà ń bi í léèrè ohun tó fẹ́ wà níbẹ̀. Ó ní àlejò ń bọ̀. Ojú rẹ̀ kò yí padà, wọn kò sì mọ̀ bóyá ẹ̀fẹ̀ ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ń kó iyanrìn nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Bàbá rẹ̀ ni. Bàbá yìí kì í pe ẹnikẹ́ni, ó gbà pé fóònù wà fún ìròyìn búburú.

“Wá sílé,” ló wí, ó sì gé e.

Kò bọ́ ìbọ̀wọ́ iṣẹ́. Ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó la àdúgbò kọjá, ó ń rò ó pé èwo nínú àwọn méjèèjì ni nǹkan ṣe, bàbá tàbí igi. Ó bá ilẹ̀kùn ilé ní ṣíṣí. Bàbá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ọ̀pá láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, kọ́tìnnì ṣí díẹ̀ sílẹ̀. Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí òkè igi náà.

Lórí ẹ̀ka tó kúrú jù, ohun kan yọ. Kò ju etí ọmọ eku lọ. Ó ká jọ, ó ní irun fúlẹ́fúlẹ́ lára, ó sì tutù yọ̀yọ̀.

Àǹtí Gbígbẹ kúnlẹ̀ síwájú àga. Ó na ọwọ́, ó rántí, ó dá a padà. Ẹ̀rín mú un lójijì, irú èyí tí kò ṣeé dá dúró, tó ń ti ikùn bọ̀, títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí ìbọ̀wọ́ eléruku. Bàbá wò ó. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn nínú yàrá náà. Ẹ̀rín ìyá rẹ̀ ni.

“Ó ní orogún òun ló máa jogún mi,” ni Bàbá wí. “Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe.”

Oòrùn ọ̀sán rọra gun orí àga, ó kan ewé tuntun náà, ó tún kọjá. Nígbà tó yá, Bàbá nu imú rẹ̀, ó sì fi ọ̀pá kan ọmọ rẹ̀ léjìká díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ohun tí yóò dáhùn.

“Dìde. Ọ̀gá ti dá kẹ́tù mi padà láàárọ̀. Lọ gbé e kaná.”

Ọmọ wo ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó wo igi, ó sì wo bàbá.

“Tiwa ni,” ni Bàbá wí. “Òun kò mu.”